Orúkọ Ọlọ́run lórí Owó: Ta ni Ìjọba ń Gbẹnu Sọ Fún?

Ní àárọ̀ kùtùkùtù, bí oníbàárà àkọ́kọ́ bá sanwó ní ọjà Kétu tàbí ní ọjà Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ oníṣòwò a máa fi owó náà kan orí, wọn a sì gbàdúrà kí ọjà ọjọ́ náà ó tà. Mùsùlùmí a gbàdúrà ní ọ̀nà tirẹ̀. Kìrìsìtẹ́nì a gbàdúrà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí ó ń bọ òrìṣà a ké pe orí rẹ̀ àti àwọn baba ńlá rẹ̀. Owó kan náà ni gbogbo wọn ń ná.

Ẹni tí ó bá wo owó bébà sẹ́fà náà dáadáa yóò rí àwòrán ẹja tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ayùn. Àmì báńkì àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè 8 tí ń ná owó náà ni. Yóò rí iye owó. Yóò rí lẹ́tà kan tí ó ń tọ́ka sí orílẹ̀-èdè: B fún Benin, T fún Tógò. Kò ní rí àdúrà kankan níbẹ̀.

Dọ́là Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí gbogbo owó bébà rẹ̀ àti gbogbo owó onírin rẹ̀ ni a kọ ọ́ sí pé: Ọlọ́run ni a gbẹ́kẹ̀ lé. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí ìjọba gbé ẹ̀sìn kan kalẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Báwo ni nǹkan méjèèjì ṣe lè wà pọ̀? Ìbéèrè yìí ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dé ilé ẹjọ́, kò sì tíì tán nílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan. Ó kan ilẹ̀ Brasil, ó kan Nàìjíríà, ó sì kan Benin pẹ̀lú.

Ogun ni ó bí ọ̀rọ̀ náà

Nígbà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí rọ owó tirẹ̀, orúkọ Ọlọ́run kò sí lórí rẹ̀. Àkọmọ̀nà tí wọ́n kọ sí èdìdì ìjọba ní ọdún 1782 jẹ́ ọ̀rọ̀ Látìnì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láti inú ọ̀pọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni ó jáde. Ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan ni. Kò mú ẹ̀sìn kankan lẹ́nu.

Ní ọdún 1861, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàárín àríwá àti gúúsù ilẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ẹrú ni ó wà ní ìdí ogun yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, oníwàásù kan tí ń jẹ́ Watkinson, ará ìpínlẹ̀ Pennsylvania, kọ̀wé sí Salmon Chase tí í ṣe mínísítà ètò ìṣúná. Ó ní bí orílẹ̀-èdè náà bá fọ́, àwọn tí yóò wá lẹ́yìn ọ̀la lè wo ohun tí ó kù nílẹ̀, kí wọ́n sì rò pé orílẹ̀-èdè kèfèrí ni. Nítorí náà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run sára owó.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Chase létí. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ tí ń rọ owó wá gbólóhùn kúkúrú kan. Ní ọdún 1864, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i. Owó onírin kékeré kan, ti sẹ́ǹtì 2, ni ó kọ́kọ́ gbé gbólóhùn náà jáde.

Ó yẹ kí ènìyàn ó dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ «kèfèrí» yìí. Ní ọdún 1860, ọdún kan péré ṣáájú lẹ́tà Watkinson, ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Clotilda kó ẹrú láti etíkun Dàhòmì lọ sí ìpínlẹ̀ Alabama. Àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá wà nínú wọn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan náà ni wọ́n wà, òógùn ojú wọn sì wà nínú ọrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ «a» sára owó, pé Ọlọ́run ni «a» gbẹ́kẹ̀ lé, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé.

Ààrẹ tí ó ní ó ń tàbùkù sí Ọlọ́run

Kì í ṣe aláìgbàgbọ́ nìkan ni ó kọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1907, Ààrẹ Theodore Roosevelt ní kí wọ́n ṣe owó wúrà tuntun, ó sì jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ Ọlọ́run kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn bínú, ó fún wọn lésì. Ó ní ọ̀rọ̀ mímọ́ kò yẹ kí ó wà lórí ohun tí a ń ná, gẹ́gẹ́ bí kò ti yẹ kí ó wà lórí sítáǹbù lẹ́tà tàbí nínú ìpolówó ọjà. Ó ní àwọn ènìyàn ti sọ gbólóhùn náà di yẹ̀yẹ́, wọ́n ń fi ṣe àwàdà.

Ẹni tí ó bá mọ ọjà mọ ohun tí Roosevelt ń sọ. Owó a máa bọ́ sínú ẹrẹ̀. Owó a máa ra oúnjẹ fún ọmọ, a sì máa ra ẹ̀rí èké. Ọwọ́ olóòótọ́ àti ọwọ́ olè ni ó ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin kò gbọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1908, wọ́n ṣe òfin pé kí gbólóhùn náà padà sórí owó tí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjà Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìjọba Kọ́múníìsì ti ilẹ̀ Sófíẹ̀tì dé. Ìjọba Sófíẹ̀tì ń sọ pé kò sí Ọlọ́run. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fẹ́ fi hàn pé tiwọn yàtọ̀. Ní ọdún 1955, Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí òfin pé kí gbólóhùn náà wà lórí gbogbo owó, bébà àti onírin. Ní ọdún 1956, òfin mìíràn sọ ọ́ di àkọmọ̀nà orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1957 ni ó kọ́kọ́ hàn lórí owó bébà.

Nítorí náà, kì í ṣe àwọn tí ó dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ ni ó kọ ọ́ sórí owó. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ní 1864 àti ní 1955, àkókò ìbẹ̀rù ni. Lẹ́ẹ̀kìíní, wọ́n ń bẹ̀rù ogun abẹ́lé. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ń bẹ̀rù ọ̀tá òkèèrè.

Ohun tí òfin wí, àti ohun tí adájọ́ wí

Láti ọdún 1791 ni òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ pé àwọn aṣòfin kò gbọdọ̀ ṣe òfin tí yóò fi ẹ̀sìn kan múlẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀. Ní ọdún 1802, Ààrẹ Thomas Jefferson pe òfin yìí ní ògiri láàárín ìjọ àti ìjọba. Inú lẹ́tà sí àwọn onígbàgbọ́ ni ó ti sọ ọ́, àwọn ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ìlú Danbury. Wọn kò pọ̀ ní ìpínlẹ̀ wọn, ìjọ mìíràn ni ìjọba ibẹ̀ ń gbè lẹ́yìn. Èyí fi hàn pé ògiri náà kì í ṣe ohun tí a mọ láti bá Ọlọ́run jà. Àwọn onígbàgbọ́ tí agbára kò sí lọ́wọ́ wọn ni ó kọ́kọ́ mọ ìwúlò rẹ̀.

Àwọn kan ti gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí gbólóhùn orí owó. Wọ́n ní àwọn kò lè rajà, àwọn kò lè gbowó oṣù, láìgbé àdúrà tí kì í ṣe tiwọn kiri. Láti ọdún 1970, àwọn ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti dá wọn lẹ́bi léraléra. Ní ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ̀ láti gbọ́ ọ̀kan nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìdájọ́ ìsàlẹ̀ sì dúró.

Ìdí tí àwọn adájọ́ fi dá ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an. Ní ọdún 1970, ilé ẹjọ́ ní gbólóhùn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ó ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ni, ọ̀rọ̀ ayẹyẹ ni. Ní ọdún 1984, William Brennan, adájọ́ kan ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí òfin gba irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ láyè, nítorí pé àtúnsọ ojoojúmọ́ ti gba ìtumọ̀ ẹ̀sìn kúrò lára rẹ̀.

Ẹni tí ó fẹ́ kí orúkọ Ọlọ́run dúró lórí owó lè yọ̀ pé òun ti borí. Ṣùgbọ́n kí ni ó fi borí? Adájọ́ kò sọ pé àdúrà náà lágbára. Ohun tí adájọ́ sọ ni pé kò sí àdúrà níbẹ̀ mọ́. Orúkọ Ọlọ́run dúró nítorí pé òfin kà á sí ọ̀rọ̀ lásán. Ohun tí Roosevelt bẹ̀rù ní ọdún 1907 gan-an nìyí.

Àwọn tí ó ń gbèjà gbólóhùn náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn pẹ̀lú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n ní kò sí ẹni tí a fi ipá mú láti kà á. Wọ́n ní ìtàn orílẹ̀-èdè ni, àti pé ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ ẹ. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ fẹ́ ẹ: ní ọdún 2011, nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú Amẹ́ríkà dìbò lórí rẹ̀, ènìyàn 396 gbà á, ènìyàn 9 péré ni ó kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin tí ó dá ẹ̀sìn sí kì í ṣe fún ẹgbẹ́ ńlá, nítorí pé ẹgbẹ́ ńlá kò nílò ààbò. Ẹni tí ó dá wà ni a ṣe é fún.

Gbólóhùn kan náà, lẹ́tà mìíràn

Ọ̀rọ̀ náà ti ń kúrò lórí owó báyìí, ó ń wọ ilé ẹ̀kọ́. Ní ìpínlẹ̀ Texas, òfin ọdún 2021 sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá fi àkọlé tí ó gbé àkọmọ̀nà náà ta ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lọ́rẹ, ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ gbé e kọ́ sí ibi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Ní Louisiana, òfin ọdún 2023 ní kí ó wà nínú gbogbo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 2024, ìpínlẹ̀ yìí kan náà tún ṣe òfin pé kí Òfin Mẹ́wàá inú Bíbélì wà níbẹ̀. Àwọn òbí kan sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́.

Ní ọdún 2022, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan ní Texas. Òbí kan gbé àkọlé lọ fún ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Àkọmọ̀nà kan náà ni ó wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ̀kan nínú wọn. Ìgbìmọ̀ náà kò gbà á. Wọ́n ní àwọn ti ní iye tí ó tó. Ọlọ́run kan náà ni gbólóhùn náà dárúkọ, ìgbẹ́kẹ̀lé kan náà ni. Lẹ́tà nìkan ni ó yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá béèrè pé: ṣé lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wà fún gbogbo ènìyàn?

Ẹni tí ó ń ná náírà ní ẹnubodè mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Fún ọdún pípẹ́ ni lẹ́tà Lárúbáwá ti wà lórí owó Nàìjíríà. Àjàmí ni wọ́n ń pè é. Èdè Haúsá ni wọ́n fi lẹ́tà náà kọ, iye owó nìkan ni ó sì ń sọ. Kò sí àdúrà níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ Kùránì. Síbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní gúúsù kò lè kà á, àwọn kan rò pé ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ìjọba ń fi owó tàn kálẹ̀. Ní ọdún 2007, báńkì àpapọ̀ yọ Àjàmí kúrò lórí náírà 5, 10, 20 àti 50, wọ́n sì fi lẹ́tà Látìnì kọ iye owó náà ní Haúsá, Ígbò àti Yorùbá. Ó kù lórí àwọn owó ńláńlá kan, àríyànjiyàn sì ń lọ lórí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Èkíní ni pé ẹni tí kò lè ka ohun tí ó wà lórí owó rẹ̀ rọrùn láti dẹ́rù bà. Èkejì ni pé àwọn ènìyàn kì í fojú kékeré wo ohun tí ìjọba kọ sórí owó. Bí iye owó lásán bá lè dá irú ìfura bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ni àdúrà tòótọ́ yóò ṣe?

Bí ó bá jẹ́ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ńkọ́?

Ní ilẹ̀ Brasil, láti ọdún 1986, nígbà ìjọba Ààrẹ José Sarney, ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sórí owó bébà pé kí a yin Ọlọ́run. Ní ọdún 2012, agbẹjọ́rò ìjọba kan ní São Paulo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ó ní ìjọba Brasil kì í ṣe ti ẹ̀sìn kankan, nítorí náà kí wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò.

Ó bi àwọn adájọ́ ní ìbéèrè kan tí ó rọrùn. Ó ní kí wọ́n fojú inú wo owó tí a kọ ìyìn Ọ̀ṣọ́ọ̀sì sí, tàbí ìyìn Búdà, tàbí owó tí a kọ ọ́ sí pé kò sí Ọlọ́run. Ṣé àwọn tí ó ń ná an yóò dákẹ́? Ọ̀ṣọ́ọ̀sì tí ó dárúkọ yìí kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Òrìṣà ọdẹ ni, àwọn ọmọ ẹ̀sìn Candomblé ní Brasil sì ń pè é ní ọba Kétu títí di òní.

Ilé ẹjọ́ kò gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, gbólóhùn náà sì dúró. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ dára fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wádìí ọkàn ara rẹ̀. Kí Mùsùlùmí ka orúkọ Jésù sórí owó ní ọkàn rẹ̀. Kí Kìrìsìtẹ́nì ka orúkọ Ògún. Kí abọ̀rìṣà ka ọ̀rọ̀ tí ó pè é ní kèfèrí. Bí ó bá dun ẹnì kan nínú wọn, nígbà náà ọ̀rọ̀ orí owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán.

Ìbúra ọdún 1996

Òfin ìpìlẹ̀ Benin ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ ọ́ kedere pé ìjọba orílẹ̀-èdè yìí kì í ṣe ti ẹ̀sìn kankan. Ó fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti sin ohun tí ó gbàgbọ́. Síbẹ̀, òfin yìí kan náà ní kí ààrẹ tuntun búra níwájú Ọlọ́run, níwájú ẹ̀mí àwọn baba ńlá, níwájú orílẹ̀-èdè àti níwájú àwọn ará Benin.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1996, Mathieu Kérékou, tí ó ti di onígbàgbọ́ nígbà náà, wá búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Ó dárúkọ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó fo ẹ̀mí àwọn baba ńlá. Ilé Ẹjọ́ tí ń ṣọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ní ìbúra náà kò tọ́, pé odindi ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè gé e kù. Kérékou padà wá, ó sì búra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú àwọn baba ńlá.

Ẹ wo bí àwọn ilé ẹjọ́ méjì yìí ṣe yàtọ̀ síra. Ti Amẹ́ríkà ní ọ̀rọ̀ náà kò wúwo, nítorí náà kí ó dúró. Ti Benin ní ọ̀rọ̀ náà wúwo, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́. Ti Benin bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ jù. Kò bi Kérékou bóyá ó gba àwọn baba ńlá gbọ́. Ohun tí ó sọ fún un ni pé ẹni tí ó bá jókòó sórí àga gbogbo ènìyàn kò lè fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ gé àwọn kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí.

Ẹnì kan lè béèrè pé: ṣé dídárúkọ Ọlọ́run nínú ìbúra kò lòdì sí òfin tí ó ní ìjọba kì í ṣe ti ẹ̀sìn? Ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, tí kò sì gba àwọn baba ńlá gbọ́, kò rí àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń búra, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì wá ipò náà lọ. Owó kò rí bẹ́ẹ̀. Aláìsàn tí ó fẹ́ ra oògùn kò lè sọ pé òun kò ná an. Ọmọdé tí a rán níṣẹ́ kò lè sọ ọ́. Ohun tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ mú lọ́wọ́, láìní yíyàn, ni ó yẹ kí ìjọba ṣọ́ra jù lọ kí ó tó kọ nǹkan sí.

Ohun tí ó yẹ kí a dì mú

Ní ilẹ̀ yìí, kò ṣọ̀wọ́n kí Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti abọ̀rìṣà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń sìnkú pọ̀. Ìdí tí èyí fi rọrùn ni pé kò sí ẹni tí agbára ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀ láti sọ fún àwọn yòókù pé tòun ni ti gbogbo ilé. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá gba irú agbára bẹ́ẹ̀, àlàáfíà ilé náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀.

Nítorí náà, owó sẹ́fà tí kò ní àdúrà lórí kì í ṣe owó aláìgbàgbọ́. Kò sọ pé Ọlọ́run wà, kò sì sọ pé kò sí. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó mú un lọ́wọ́. Bí oníṣòwò bá fi í kan orí ní àárọ̀, àdúrà tirẹ̀ ni yóò gbà, kì í ṣe èyí tí ìjọba bá a kọ.